Ọdún Tí Mọ́tò Bàbá Mi Ń Tọ̀ọ́lé

Wàsíù, ọmọ mi, ló tún jẹ́ kí n rántí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló gbé mọ́tò tòkunbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà wá kí mi, kò sì tíì kí mi tán tó fi ṣí ilẹ̀kùn iwájú sílẹ̀ gbayawu, tó ń fa rọ́ọ̀gì ẹsẹ̀ jáde, tó ń pariwo pé ta ló da omi síbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ṣẹrifá, dúró ti ògiri, ó ń wo ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mo mọ ojú yẹn. Ojú ọmọ tí kò ṣe nǹkan kan ni, àmọ́ tó ti mọ̀ pé òun ni wọn yóò mú. Mo ní, “Wàsíù, fi ọmọ sílẹ̀. Ti ọwọ́ bọ omi yẹn kí o gbóòórùn ẹ̀.” Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, omi lomi ń jẹ́.” Mo ní rárá o. Omi tí ọmọ dà sílẹ̀ kì í yọ̀ lọ́wọ́ bí òróró, kì í sì í rùn bí ìrèké tó ti ń kan. “Híítà mọ́tò ẹ ló ń jò. Lọ wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù.” Ó wò mí bí ẹni pé ogbó ti gun mi lórí. Èmi tí mi ò wa mọ́tò rí, tí mi ò kà kọjá ìwé mẹ́ta, níbo ni mo ti gbọ́ híítà? Mo wọlé lọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, nítorí ọ̀rọ̀ náà gùn ju ohun tí ènìyàn ń sọ lẹ́nu ọ̀nà lọ.

Ilé wa wà ní Òwu, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú, yàrá mẹ́fà tó kọjú síra wọn, àgbàlá gbọọrọ sì wà lẹ́yìn. Àgbàlá yẹn ni ayé mi. Ìkòkò aró márùn-ún ló wà níbẹ̀. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ni wọ́n, ó sì mọ ìkòkò kọ̀ọ̀kan bí ẹni mọ ọmọ: ìkejì yára, ìkẹta jinlẹ̀, ìkarùn-ún lọ́lẹ. Láàárọ̀, ohùn ládàánì ló kọ́kọ́ ń jí wa, lẹ́yìn náà odó tí wọ́n fi ń gún ewé ẹlú, lẹ́yìn náà aṣọ tútù tó ń kán lórí okùn, tó, tó, tó, títí oòrùn yóò fi mú un dákẹ́. Ọwọ́ Ìyá Àgbà dúdú dé ìgúnpá. Bó bá bu ẹ̀kọ fún ọ, èékánná rẹ̀ ni wàá máa wò, bóyá àwọ̀ yóò ran ẹ̀kọ. Ọwọ́ ìyá mi náà ti ń dúdú bọ̀. Lábẹ́ igi ìyeyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ni mọ́tò bàbá mi máa ń wà, mọ́tò kékeré aláwọ̀ eérú. Bàbá mi ti wa ọkọ̀ fún òyìnbó kan ní Ewékorò fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí òyìnbó náà ń padà sílé rẹ̀, mọ́tò ara rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un. Inú ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wá láti ìlú tí omi ti ń di òkúta lójú títì, bàbá mi ló sọ bẹ́ẹ̀, mi ò sì gbà á gbọ́ nígbà náà. Gbogbo Òwu ń pe bàbá mi ní Dírẹ́bà. Ó ti ń wa lọ́rí nígbà náà, ní ibùdókọ̀ kan ní Kútọ̀, àmọ́ mọ́tò aláwọ̀ eérú ló máa ń gbé lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, òun nìkan, bí ọ̀gá.

Lẹ́yìn Iléyá ọdún náà ni ìyá mi lọ. Kò sí ariwo, kò sí ìjà tí aládùúgbò lè yọjú wò. Ohun tí mo gbọ́ ò ju ìgbà tó ń sọ fún bàbá mi pé, “Aró ti ń jẹ mí lọ́wọ́, mi ò fẹ́ kó jẹ mí dé ọkàn.” Ó fẹ́ lọ máa se ìrẹsì àti ẹ̀wà fún àwọn òṣìṣẹ́ sìmẹ́ńtì ní Ewékorò. Ìyá Àgbà ní obìnrin ilé òun kì í gbé ìkòkò lọ sẹ́bàá títì. Bàbá mi wà láàárín, kò sọ síhìn-ín, kò sọ sọ́hùn-ún, ó kàn gbé ẹrù ìyá mi sínú mọ́tò. Èmi náà tẹ̀ lé wọn, mo wà lẹ́yìn. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi, ó fi ọwọ́ tó ti ń dúdú yẹn gba ojú mi mú. Ó ní, “Rábí, bí ilé-ìwé yín bá ti gba họlidé, bàbá ẹ á fi mọ́tò gbé ẹ wá. Gbogbo họlidé la jọ máa lò. Ṣé o gbọ́?” Mo ní mo gbọ́. Nígbà tí à ń padà, bàbá mi ní kí n bọ́ síwájú. Ìjókòó tí ìyá mi dìde kúrò lórí rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ibẹ̀ ni mo wá sọ di ilé. Bí mo bá ti ti ilé-ìwé dé, tí mo fọ abọ́, tí mo ṣa ewé ẹlú, tí bàbá mi sì ti gbé mọ́tò dé, èmi náà á ṣí ilẹ̀kùn, màá wọlé, màá tì í pa. Òórùn àtíkè ìyá mi ṣì wà lára ìjókòó náà, àti ti àlùbọ́sà díẹ̀. Mi ò sunkún. Mo kàn ń jókòó ni, bí ẹni tó ń dúró de kí wọ́n gbéra. Àwọn ọmọ ilé yòókù ń ta òkòtó lábẹ́ igi, mò ń gbọ́ wọn láti inú gíláàsì bí ẹni ń gbọ́ ohùn láti ìsàlẹ̀ odò. Ní báyìí tí mo ti dàgbà, mo mọ̀ pé ọmọ tó bá dákẹ́ báyẹn ló yẹ kí àgbà kọ́kọ́ wò. Àmọ́ ilé wa kún, iṣẹ́ pọ̀, ọmọ tí kò dààmú ẹnikẹ́ni, wọ́n á ní ara rẹ̀ le ni.

Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ rí omi lábẹ́ ẹsẹ̀ mi nínú mọ́tò. Ó wá pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé kí n wá gbé igbá, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó tẹ ọwọ́ mọ́ rọ́ọ̀gì ibi tí mo gbé ẹsẹ̀ lé, ọwọ́ rẹ̀ sì tutù. “Rábí! Kí lèyí?” Mo ní mi ò mọ̀. “O ò mọ̀? Ìwọ nìkan lo máa ń jókòó síbí. Àbí èmi Sàlámátù ni mo wá tọ̀ síbẹ̀?” Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú ilé pé mo jẹ́ atọ̀ọ́lé nígbà tí mo kéré. Mo ti jáwọ́ níbẹ̀ ó tó ọdún méjì, àmọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kì í tètè gbẹ. Ó ṣe tán tó máa gbá mi létí ló rí èèrà. Wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti ẹnu ilẹ̀kùn dé orí rọ́ọ̀gì, wọ́n ń mu omi náà. Ọwọ́ Ìyá Àgbà sọ̀ kalẹ̀. Ó fi imú gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, “Yéè! Ó ń dùn. Èèrà kì í bá ìtọ̀ lásán ṣeré. Ìtọ̀ ṣúgà nìyí!” Ó gbá mi mọ́ra, omi aró ara rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ aṣọ ilé-ìwé mi. Ó ní àbúrò kan, Ràúfù, tí ìtọ̀ ṣúgà pa. Èèrà ló kọ́kọ́ sọ fún wọn, lẹ́bàá póò rẹ̀. Mi ò lè bínú sí i títí dòní. Ẹ̀rù ló bà á, ẹ̀rù tó sì ba ènìyàn nítorí ọmọ, ìfẹ́ ni, bó ti wù kó korò tó.

Ó sì korò. Omi ewúro tí wọ́n fún láìfi iyọ̀ sí ni mo ń mu láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kọ́ọ̀pù kan, Ìyá Àgbà á dúró tì mí títí màá fi gbé e mì. Kò sí búrẹ́dì mọ́, kò sí ìyeyè tó ń já bọ́ lórí mọ́tò pàápàá, gàrí mi ò gbọdọ̀ rí ṣúgà. Àwọn ọmọ ilé sọ mí ní Rábí Ṣúgà. Kúbúrá, ọmọ yàrá iwájú, ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, á gbé abọ́ gàrí rẹ̀ wá síwájú mi: “Rábí, jọ̀ọ́, tọ̀ sí i fún wa díẹ̀. Ṣúgà wa ti tán.” Gbogbo wọn á sì ṣubú lu ara wọn. Ẹni tó bá ń ka èyí lè rẹ́rìn-ín, èmi náà ti ń rẹ́rìn-ín sí i báyìí. Nígbà náà, mo gbà wọ́n gbọ́. Ìyẹn ló burú jù níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá èmi ni lóòótọ́, pé bóyá ó ń dà lára mi kí n tó mọ̀. Màá fọwọ́ kan aṣọ mi, yóò gbẹ. Màá fọwọ́ kan rọ́ọ̀gì, yóò tutù. Mi ò sì lè fi ibẹ̀ sílẹ̀ lọ jókòó síbòmíràn, nítorí òórùn àtíkè.

Ilé-ìwé gba họlidé. Mo di aṣọ mi sínú báàgì, mo gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá Àgbà ní ta ló ń lọ? Ọmọ tí ìtọ̀ ṣúgà ń bá jà, kò ní kúrò lójú òun. Bọ́ọ̀sì ń lọ láti Kútọ̀ lójoojúmọ́, ó ní èrò wo ló máa fẹ́ jókòó ti atọ̀ọ́lé? Ó ránṣẹ́ sí ìyá mi nípasẹ̀ ẹni tó ń wa tírélà sìmẹ́ńtì, mo gbọ́ tó ń sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà, àmọ́ mi ò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bàbá mi ní òun ṣèlérí fún ọmọ, mọ́tò lòun sì sọ pé òun máa fi gbé e lọ. Ó dára, mọ́tò ọ̀hún náà wá ń ṣàìsàn. Omi ń tán nínú rédíétọ̀ rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni èmi ń pọn omi sínú kẹ́tùrù àlùwàlá, tí bàbá mi á dà á síbẹ̀ kó tó jáde, nígbà tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, kò ní sí i mọ́. Tó bá ti fẹ́ gun òkè, ẹ́ńjìnnì á gbóná, èéfín á yọ. Kò jẹ́ dá a láṣà láti gbé e dé Ewékorò.

Mùtíù, mẹkáníìkì rẹ̀ láti Kútọ̀, wá ní ọjọ́ Àìkú kan, ó wá ní èkejì. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, ọ̀rọ̀ wọn ò yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń ta ayò. Mùtíù dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò, ó ní, “Dírẹ́bà, mọ́tò ẹ ń mu omi bí ẹni tó jẹ ẹja oníyọ̀.” Bàbá mi ní, “Èyí tó mu dà? Ṣé o rí i kó kán sílẹ̀?” Mùtíù ní, “Ilẹ̀ gbẹ bí ẹnu òtòṣì. Mi ò rí i rí.” Ó pààrọ̀ ìdérí rédíétọ̀, ó pààrọ̀ rọ́bà ìsàlẹ̀, ó tẹ́ bébà sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, bébà náà gbẹ títí di àṣálẹ́. Ó ní bóyá ẹ́ńjìnnì ló ti là nínú, pé kí wọ́n tú u palẹ̀. Ìyá Àgbà, tó ń ro aró lẹ́yìn wọn, ò gbójú sókè tó fi sọ pé, “Omi kì í sọnù. Ẹnìkan ló ń mu ún.” Ẹ ò rí nǹkan. Ọkùnrin méjì ń wá omi tó ń sọnù níwájú mọ́tò, obìnrin kan ń bá ọmọ jà nítorí omi tó ń wá nínú mọ́tò kan náà, kò sì sí ẹni tó bi èkejì ní ìbéèrè. Omi mọ́tò, ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni. Ìtọ̀ ọmọ, ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Èmi tí mò ń pọn omi yẹn láàárọ̀, tí mo tún ń gbé ẹsẹ̀ lé e lọ́sàn-án, ọmọdé ni mí, ta ni màá sọ ọ́ fún?

Ọ̀sẹ̀ kan lọ nínú họlidé, ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ìyá Àgbà wá pinnu pé òun máa mú mi gbá-à-mú. Ó ya aṣọ tẹ́rú funfun kan, irú èyí tí wọ́n máa ń rẹ láró, ó tẹ́ ẹ sórí rọ́ọ̀gì náà ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní, “Aṣọ kì í gbè lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Jókòó síbẹ̀ bó bá wù ọ́. Ohun tó bá hàn lára ẹ̀ lọ́la, mo ní ẹ̀rí.” Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àlejò kan ti gbé kẹ́tùrù lọ fi ṣe àlùwàlá, bàbá mi sì ti ń fọn fèrè mọ́tò pé òun ti pẹ́. Abọ́ tánganran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró ni mo sáré gbé, mo fi bu omi. Àárọ̀ kùtù ni, ojú ọjọ́ ò tíì là. Bàbá mi gbà á, ó dà á sínú rédíétọ̀, ó gbé abọ́ fún mi, ó lọ. Ìgbà tí oòrùn yọ ni mo rí i pé ìdí abọ́ náà dúdú, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ aró ló wà níbẹ̀, nǹkan bí ẹ̀kún ọwọ́ kan ti bá omi lọ. Mo fọ abọ́ náà, mo dá a padà síbi tó wà, mo sì ń retí pé mọ́tò bàbá mi máa kú sójú ọ̀nà, wọn á sì tún ní èmi ni.

Kò kú. Ó dé lọ́sàn-án bó ti máa ń dé. Mi ò sún mọ́ ọn lọ́jọ́ náà. Ìyá Àgbà ló lọ ṣí ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn bí ti adájọ́, Kúbúrá àti àwọn ọmọ ilé sì tẹ̀ lé e. Ó dúró. Ó fa aṣọ náà jáde, ó gbé e sókè sí oòrùn, gbogbo wa sì rí i: àwọ̀ aró, ó bẹ̀rẹ̀ láti igun kan, ó ń fẹ̀ lọ roboto-roboto, eteetí rẹ̀ dúdú, àárín rẹ̀ mọ́. Kúbúrá ní, “Háà! Rábí ti ń tọ̀ aró!” Ìyá Àgbà ní, “Pa ẹnu ẹ dé.” Ó gbóòórùn aṣọ náà, ó fi àtàǹpàkò ra á. “Aró mi rèé. Aró ìkòkò kẹta ni. Ta ló bu aró mi?” Mo kúnlẹ̀. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí: kẹ́tùrù, àlejò, abọ́ tánganran, rédíétọ̀. Mo ń dúró de ẹgba. Bàbá mi, tó ti ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, dìde pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀. Ó ní, “Omi tí mo dà sínú rédíétọ̀ láàárọ̀? Inú rédíétọ̀?” Ó wo aṣọ, ó wo mọ́tò, ó wo èmi. Ó sì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tí ìyá mi ti lọ. Ó ní, “Ìyá, ẹ wò ó, mọ́tò ló ń tọ̀ọ́lé! Mọ́tò ni!”

Kí n sọ bí wọ́n ṣe tún un ṣe, nítorí ó lè wúlò fún ẹni tí tirẹ̀ náà bá ń jò. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá kí ẹ tó ṣí ìdérí rédíétọ̀. Mùtíù, tí bàbá mi sáré lọ pè, kánjú ṣí i lọ́jọ́ náà, omi gbígbóná sì fọ́n sí i lápá. Rọ́bà méjì ló gba inú ẹ́ńjìnnì wọlé síbi ẹsẹ̀, wọ́n tú wọn pẹ̀lú sikirudiráfà, wọ́n gbọ́n omi wọn sínú bàsíà. Wọ́n wá yọ pákó abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n to àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀ sínú ìdérí ìkòkò kí wọ́n má bàa sọnù, wọ́n sì fa nǹkan kan jáde tó dà bí rédíétọ̀ ọmọdé, tó gùn tó búrẹ́dì, tó ní ihò wínníwínní bí afárá oyin. Aró mi wà lára rẹ̀, ní ìsàlẹ̀, níbi tó ti jẹrà. Mùtíù kígbe, “Híítà! Dírẹ́bà, híítà ni! Ta ló ń yáná nínú mọ́tò l'Ábẹ́òkúta?” Ìyá Àgbà bèèrè pé kí ni híítà. Ó ní, “Iná ni, Ìyá. Òun làwọn òyìnbó fi ń yá ẹsẹ̀ lọ́hùn-ún.” Ìyá Àgbà ní, “Nínú oòrùn yìí? Ìyẹn ni pé àtìgbà yìí, iná àwọn ẹlòmíràn ni mò ń tìtorí ẹ̀ fún ọmọ mi ní ewúro?” Omi dídùn tí èèrà ń mu, Mùtíù ní òyìnbó ló dà á síbẹ̀ kí rédíétọ̀ má bàa di òkúta nínú òtútù, pé májèlé sì ni, kí ẹnikẹ́ni má tọ́ ọ wò.

Ìyá Àgbà ò bẹ̀ mí. Àgbà ìgbà náà kì í bẹ ọmọdé. Àmọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó pè mí lójú gbogbo ilé, ó bu gàrí sínú abọ́ rẹ̀, abọ́ tí ọmọdé kì í fọwọ́ kàn, ó fi ṣúgà sí i, ṣíbí kan, ṣíbí méjì, ṣíbí mẹ́ta, ó sì wo Kúbúrá títí ìyẹn fi wolẹ̀. Ó ní, “Jẹ ẹ́. Aró ti jẹ́rìí ẹ. Aró kì í purọ́.” Mo jẹ ẹ́. Ó dùn jù, ó ń kọ mí lọ́nà ọ̀fun, mo sì jẹ ẹ́ tán.

A ò lè gbéra lọ sí Ewékorò lọ́jọ́ kejì. Wọ́n gbé híítà náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń jó rédíétọ̀ ní Kútọ̀, ó fi òjé dí i, wọ́n dá a padà, ó di ọjọ́ kẹta, ó tún jò. Ọ̀sẹ̀ kan tún lọ níbẹ̀. Wọ́n wá tuntun, kò sí, irú mọ́tò yẹn ò wọ́pọ̀ níhìn-ín. Mùtíù ní, “Ẹ jẹ́ ká gé e kúrò.” Ó mú irin kúkúrú kan, ó ki ẹnu rọ́bà kìíní bọ̀ ọ́ lápá kan, ó ki ti èkejì bọ̀ ọ́ lápá kejì, ó fi kílíìpù fún wọn, omi sì ń lọ láti inú ẹ́ńjìnnì padà sínú ẹ́ńjìnnì, kò wá sọ́dọ̀ wa mọ́. Bàbá mi ní ṣé kò ní pa mọ́tò lára? Mùtíù nu ọwọ́, ó ní, “Kò ní í pa á lára. Tó bá fi máa di ọ̀la, mọ́tò ò ní mọ̀ pé òun fìgbà kan ní i.” Mo jókòó sórí gbòǹgbò ìyeyè, mo gbọ́ ọ. Mi ò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi wọ̀ mí lára bẹ́ẹ̀. Mo dìde, mo wọ inú mọ́tò, mo tẹ imú mọ́ ìjókòó. Wọ́n ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Kò rùn àtíkè mọ́, kò rùn àlùbọ́sà.

Ọjọ́ Sátidé ni a lọ. Mo wọ aṣọ Iléyá mi. Mọ́tò gun òkè, kò gbóná, bàbá mi ń kọrin lábẹ́ ètè, ó ń wo ẹsẹ̀ mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bóyá ó tutù. Nígbà tí a sún mọ́ Ewékorò, ewé gbogbo ti funfun, eruku sìmẹ́ńtì ti bo koríko, bo òrùlé, àwọn tírélà tò lẹ́bàá títì bí ilé. Mo rí ṣẹ́ẹ̀dì ìyá mi lókèèrè. Àga wà lórí tábìlì, ẹsẹ̀ wọn kọjú sókè. Obìnrin kan tó ń ta epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, Màmá Elépo ni wọ́n ń pè é, dìde nígbà tó rí wa, ó nu ọwọ́ mọ́ ìró.

Bàbá mi ní, “Ẹ kú ọjà, Màmá. Ìyá Rábí ńkọ́?”

Ó ní, “Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé ẹ̀yin ni Dírẹ́bà? Ṣé Rábí nìyí?” Ó wò mí láti òkè délẹ̀. “Wọ́n ní ara ẹ ò yá.”

“Ara mi yá, mà,” ni mo wí.

“Ìyá ẹ ti lọ. Ọjọ́ Mọ́ńdè ló bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ sí Kútọnu. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti ń pè é, ó ní òun ò lọ, ọmọ òun ń bọ̀ wá lo họlidé, tí ọmọ bá ti dé ọ̀dọ̀ òun, òun ò ní lọ síbi kankan.” Ó yíjú sí bàbá mi. “Àmọ́ ẹ ránṣẹ́ pé ọmọ ò lè wá mọ́. Ó tún dúró. Ó dúró títí, Dírẹ́bà.”

Bàbá mi gbé ọwọ́ lé ọ̀kan nínú àwọn àga tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ yẹn, bí ẹni pé ó fẹ́ yí i padà.

Màmá Elépo wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó mú nǹkan kan jáde tí wọ́n ká bí ẹní, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Rọ́bà ìtẹ́bẹ̀dì ni, èyí tó nípọn, tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ọmọ tuntun. Ìyá mi ti fi aṣọ àdìrẹ gbá a létí yípo, ó rán an kíníkíní, kó má bàa máa ha mí lára. “Ó ní bí o bá wá, kí n fún ẹ. Ó ní kí o máa tẹ́ ẹ sábẹ́ ara ẹ, kí ẹnikẹ́ni má bàa nà ẹ́ ní Òwu nítorí ìtọ̀.” Mo fẹ́ sọ fún un pé èmi kọ́, mọ́tò ni, híítà ni, aró ti jẹ́rìí mi. Mo la ẹnu. Màmá Elépo kọ́ ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún.

Mi ò padà sílé-ìwé lẹ́yìn họlidé náà, ìdí ìkòkò aró ṣófo, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ọmọ méjì ni mo ti bí kí n tó tún fojú kan ìyá mi, a kí ara wa bí àlejò àti onílé tó mọ ìwà, ó sì ti gbàgbé rọ́bà náà pátápátá. Mi ò rán an létí. Wàsíù sùn lórí rẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀ sùn lórí rẹ̀, n kò sì na ọ̀kankan nínú wọn rí nítorí ìtọ̀. Ó ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ìrán etí rẹ̀ ti tú, àwọ̀ àdìrẹ rẹ̀ ò ṣí.

Lọ́jọ́ náà, láti Ewékorò títí dé Òwu, mo gbé rọ́bà náà lé itan, mo dì í mú ṣinṣin. Nígbà tí bàbá mi pa ẹ́ńjìnnì lábẹ́ igi ìyeyè, kò sọ̀kalẹ̀. Ó wo iwájú fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó ń wá ohun kan tó lè fún ọmọ. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ó na ọwọ́ sísàlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa rọ́ọ̀gì ibi ẹsẹ̀ mi láti igun dé igun.

Ó ní, “Wò ó, Rábí. Ó gbẹ. Ó gbẹ pátápátá.”